Ìmòòkùn fún Olùbẹ̀rẹ̀ ní Mnemba: Ohun tí Owó Rà àti Ohun tí Kò Rà

Bí ẹnikẹ́ni nínú ará Ìbàdàn bá ń gbèrò àtilọ lo ìsinmi ní Zanzibar, tó sì ń rò ó bóyá kí òun sanwó fún ìrìn-àjò ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ní ìmòòkùn pẹ̀lú sílíńdà afẹ́fẹ́, èsì tèmi ni pé kó san án, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mọ ọjà tó ń rà. Olùkọ́ ni ọjà náà. Ẹja aláràbarà, ọkọ̀ onípákó, oúnjẹ ọ̀sán àti àwòrán tí wọ́n máa yà fún un lábẹ́ omi, ènì ni gbogbo wọn, bí olùkọ́ kò bá sì dára, ènì kò lè tu ẹnikẹ́ni nínú ní ìsàlẹ̀ òkun. Abúlé Nungwi, ní ìhà àríwá erékùṣù náà, ni èmi àti ìyàwó mi ti wọkọ̀ lọ sí Mnemba, erékùṣù kékeré kan tó wà nítòsí ibẹ̀, nínú oṣù Kejì ọdún. Ilé-iṣẹ́ tó gbé wa lọ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọn yòókù tó tò létí òkun níbẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń tà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ojú èmi fúnra mi rí ni mo fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ìtọ́wò ni iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí a fi ojú ìtọ́wò wò ó. Àjọ PADI, tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìmòòkùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, ń pe tirẹ̀ ní Discover Scuba Diving, àjọ SSI, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sì ń pe tirẹ̀ ní Try Scuba. Ọmọ ọdún 10 lè bá wọn lọ nínú ètò PADI. Ìjìnlẹ̀ tí wọ́n gbà kí olùbẹ̀rẹ̀ dé kò gbọdọ̀ ju mítà 12 lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ gíga Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ tó gbójú sókè yóò rí i pé ó ga tó. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá wọ omi títí yóò fi jáde, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, kò sí ìwé ẹ̀rí tó fún un láṣẹ láti máa dá mòòkùn. Ẹni tó bá fẹ́ irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní láti gba ẹ̀kọ́ Open Water Diver, èyí tó ń gba ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ti máa ń ní kó lúwẹ̀ẹ́ fún 200 mítà, kó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láìdi ohunkóhun mú, kí wọ́n tó gbà á láyè dé mítà 18.

Fún ìtọ́wò yìí, wọn kì í dán ìlúwẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà èmi àti wọn ti yà. Lóòótọ́, jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tí wọ́n wọ̀ fún ni lè gbé àgbàlagbà léfòó, olùkọ́ sì ń di onítọ̀hún mú. Síbẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù omi bá ń bà kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ìlú orí òkè ni tiwa. Omi tí àwọn àgbà Ìbàdàn ń rántí ni Ògùnpa tó ya wọlé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì ń wò lọ́ọ̀ọ́kán ni adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí òbí gidi kan kò ní jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ etí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọjàaba pé a fẹ́ lọ mòòkùn nínú òkun, ohun tí bàbá bi mí ni pé, "Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. A gba olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní adágún ìwẹ̀ ilé ìtura kan ní Mọ́kọ́lá kí a tó lọ, owó tí a san fún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bàálù, òun ló sì jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ nígbà tí a dé ibi tí ẹsẹ̀ kò ti tólẹ̀ mọ́.

Ní ti owó, iye tí wọ́n gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là Amẹ́ríkà, ó sì kó ẹ̀kọ́ òwúrọ̀, gbogbo irinṣẹ́, ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀mejì àti oúnjẹ pọ̀. Kò kó owó ìdáàbòbò òkun mọ́ ọn. Omi tó yí erékùṣù kékeré Mnemba ká wà lábẹ́ ìdáàbòbò láti ọdún 2002, ó sì tọ́ kí àlejò san owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí a bá lọ kò mẹ́nu kan owó yìí títí a fi gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó lè padà mọ́. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà fi ń bínú sí ọjà tó dára. Ẹ tún rántí pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba Zanzibar ti sọ ọ́ di dandan kí àlejò ilẹ̀ òkèèrè ra ìnṣọ́ránsì wọn ní dọ́là 44. Ó yẹ kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ó kan ìmòòkùn, nítorí ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò lásán kì í sábà gbé ẹrù eléyìí.

Ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ ni mo ti mọ̀ pé a bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Nungwi ni olùkọ́ wa, ìdílé apẹja ló ti wá, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìlera ló kọ́kọ́ gbé fún wa, kò sì jẹ́ kí a sáré fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè nípa ikọ́ fée (asthma), àìsàn ọkàn, wárápá, àrùn etí, iṣẹ́ abẹ, oyún àti oògùn tí ènìyàn ń lò, ẹni tó bá sì dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí èyí tó lágbára nínú wọn gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá. Ọkùnrin kan nínú àwọn tí a jọ jókòó kọ ọ́ pé ikọ́ fée ń yọ òun lẹ́nu. Olùkọ́ sọ fún un tìtìjú tìtìjú pé kò lè wọ omi lọ́jọ́ náà, ó sì ní kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ SS pọ̀ láàárín wa, àwọn dókítà kì í sì í fọwọ́ sí i kí ẹni tó ní in mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS náà béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó gbéra. Ìbàdàn tí UCH wà kọ́ ni ibi tí a ti ń ṣaláìrí dókítà bi. Ẹ gba fọ́ọ̀mù náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú un tọ dókítà lọ nílé, nítorí ẹni tó bá dé etí òkun kó tó mọ̀ pé òun nílò ìwé yóò kàn máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ ni.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni ó ṣàlàyé ìdí tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé a kò gbọdọ̀ dá èémí dúró, bó ti wù kí ó rí. Lójú omi, afẹ́fẹ́ ayé nìkan ló ń tẹ̀ wá. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, omi ti fi ìwọ̀n kan náà kún un, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún wa mí sì ti ki ní ìlọ́po méjì. Bí ènìyàn bá mí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kún ẹ̀dọ̀fóró, tó pa ọ̀fun dé, tó sì gòkè, afẹ́fẹ́ náà yóò máa fẹ̀ títí yóò fi di ìlọ́po méjì kí ó tó dójú omi, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní àyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Robert Boyle ti kọ òfin yìí sílẹ̀ láti ọdún 1662, àwọn tó kọ́ fíṣíìsì ní ilé-ìwé girama yóò rántí rẹ̀. Èmi ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí láìmọ̀ pé yóò wúlò fún ẹ̀mí mi. Ẹ̀rọ ìmí tí a ń fi sẹ́nu, irú èyí tí Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1943, ló ń mú kí afẹ́fẹ́ wá ní ìwọ̀n tó bá ibi tí a wà mu, nígbà tí a bá fà á nìkan. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú sílíńdà, irú èyí tí à ń mí nínú ilé, tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ọ́síjìn ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò.

Àmì ọwọ́ ló kàn. Èyí tí ará ilé wa gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni àtàǹpàkò tí a nà sókè, nítorí pé nílé, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lábẹ́ omi, ó ń sọ fún olùkọ́ pé kó mú ọ lọ sókè. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn níbẹ̀ ní láti fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka. Ìyàwó mi nàtàǹpàkò sókè nínú omi tí kò ju àyà lọ, olùkọ́ sì gbé e dìde dúró lójú ẹsẹ̀; ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n a kò ṣì í mọ́.

Inú omi tó mọ níwọ̀n àyà yìí ni wọ́n ti kọ́ wa ní àwọn nǹkan tí ó ń mú ẹ̀rù kúrò. Wọ́n ní kí a yọ ẹ̀rọ ìmí lẹ́nu, kí a máa tu èémí díẹ̀díẹ̀, kí a wá a, kí a dá a padà, kí a sì fẹ́ omi inú rẹ̀ jáde. Èyí rọrùn. Èyí tó le ni kí omi wọ inú gíláàsì ojú, kí ènìyàn gbé orí sókè díẹ̀, kó sì fi imú fẹ́ ẹ jáde láìfi imú fa omi náà sínú. Bí omi iyọ̀ bá ti kan imú, gbogbo ara ni yóò máa sọ fún ni pé kí a dìde. Olùkọ́ wa jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe é títí tó fi dán mọ́ràn, kò sì wo aago. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo rí àwọn ẹgbẹ́ kan láti ibòmíràn tí wọ́n ṣe gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí wọ́n sì ti ń gun ọkọ̀ nígbà tí àwa ṣì kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Bí ẹ bá ń wá ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ ilé-iṣẹ́ rere yàtọ̀ sí òmíràn, ẹ lọ jókòó létí òkun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ wo iye àkókò tí wọ́n ń lò níbi omi tí kò jìn.

Ọkọ̀ náà jẹ́ onípákó tó ní ẹ́ńjìnnì, wọ́n kàn án ní ìrísí ọkọ̀ àwọn baba wọn, ó sì gba nǹkan bí wákàtí kan láti Nungwi kó tó dé Mnemba. Etíkun Matemwe ní ìlà-oòrùn súnmọ́ ibẹ̀ jù, ẹni tí ìgbì òkun máa ń kọ́ lóòyì yóò ṣe ara rẹ̀ lóore bó bá wọkọ̀ láti ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kaskazi ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, lọ́jọ́ tiwa ó ń gbé ọkọ̀ sókè tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn méjì kan láti ilẹ̀ Yúróòpù sì gbé gbogbo oúnjẹ àárọ̀ wọn fún òkun. Oògùn èébì tí a lò kí a tó kúrò ní ilé ló kó wa yọ. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó lò ó, kò wúlò mọ́. Erékùṣù Mnemba fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ilé ìtura aládàáni kan, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé àwòrán iyanrìn funfun rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń polówó, tí oníbàárà á sì rò pé òun yóò jókòó lórí rẹ̀ jẹun.

Mẹ́rin ni àwa olùbẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ tiwa, olùkọ́ ní igbákejì kan. Wọ́n so bẹ́líìtì òjé mọ́ wa nídìí, nítorí pé aṣọ rọ́bà máa ń fẹ́ léfòó, wọ́n gbé sílíńdà kọ́ wa lẹ́yìn, a sì gbé ẹ̀yìn lulẹ̀ sínú omi láti etí ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí, okùn kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni a dì mú, a sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Etí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ dé mítà kejì ni omi ti ń tẹ etí, ẹni tó bá sì dúró títí ó fi dùn ún ti pẹ́ jù: a ní láti fi ìka fún imú pa, kí a sì fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú etí, kí a tún un ṣe ní gbogbo mítà kọ̀ọ̀kan. Tèmi gbà. Ti ìyàwó mi kọ̀. Mo rí i tó na ìka sí etí, tó ń mi ọwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan kan kò dára. Olùkọ́ fi wá lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí a di okùn mú síbi tí a wà, ó sì bá a gòkè ní nǹkan bí mítà kan, ó ní kó dá itọ́ mì, kó yí ọrùn sọ́tùn-ún àti sósì, kó tún fẹ́ imú. Wọ́n tún sọ̀kalẹ̀. Ó tún kọ̀. Wọ́n tún gòkè. Ojú ọkùnrin náà kò yí padà rárá, kò fà á lọ́wọ́, kò sì na ìka sí aago ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà wa ń dínkù, ẹgbẹ́ mìíràn sì ń kọjá lọ́dọ̀ wa lọ síbi ẹja. Nígbà tó yá, etí náà là, ìyàwó mi fi ìka ṣe òrùka, gbogbo wa sì sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Bàbá Tóbi, ká ní ọkùnrin yẹn kánjú ni, èmi ì bá ti gòkè wá jókòó síbí." Ìdí nìyẹn tí mo fi pe olùkọ́ ní ọjà. Ẹni tí a bá fipá fà sísàlẹ̀ pẹ̀lú etí tó dí lè ba awọ inú etí jẹ́, kò sì sí ẹja tó tó èyí.

Ìsàlẹ̀ náà rẹwà, n kò ní sọ pé kò rẹwà. Àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ máa ń gbé mì, nítorí náà ọ̀dà pupa tí ìyàwó mi fi kun èékánná ti di àwọ̀ ilẹ̀ kí a tó dé ibi tí a ń lọ, ohun gbogbo sì ń hàn bí ẹni pé ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju bó ṣe rí lọ, débi pé ẹja tí mo rò pé ó tó ẹja ńlá ọjà Bódìjà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nígbà tó súnmọ́ mi. Iyùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iyùn pupa tí àwọn ọba wa ń wọ̀ sọ́rùn, èyí tó wá láti Òkun Mẹditaréníà. Iyùn ibí jẹ́ òkìtì ńláńlá tí ohun abẹ̀mí tíntìntín fi egungun ara wọn mọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Abẹ̀mí ni, ìfọwọ́kàn lè pa á, olùkọ́ sì kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi bàtà onílẹbẹ tí a wọ̀ gbá a. Omi gbígbóná ọdún 1998 pa púpọ̀ nínú irú iyùn yìí káàkiri ìwọ̀-oòrùn Òkun Íńdíà, ẹni tó bá fara balẹ̀ wò yóò rí ibi tí ó ṣì jẹ́ òkú egungun lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó ti ń hù padà.

Láàárín òkìtì wọ̀nyí ni a ti rí ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn onílà funfun tó ń fi ara pamọ́ sínú abẹ̀mí kan tí ìtàkùn ara rẹ̀ ń ta àwọn ẹja yòókù, àti ẹja onígọ̀gọ̀ tí oró wà nínú ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀, tí olùkọ́ fi ọwọ́ gbá wa sẹ́yìn fún. Èyí tó wù mí jù ni ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti odídẹ́rẹ́. Ó ń bu òkúta iyùn jẹ, a sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń wó o lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó yà á sẹ́yìn ní iyẹ̀fun funfun. Apá kan nínú iyanrìn funfun tí àwọn àlejò ń dùbúlẹ̀ lé létí òkun, inú ẹja yìí ló ti jáde, mo sì sọ fún ìyàwó mi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́. Ìjàpá òkun kan kọjá lókè orí wa. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kù díẹ̀, a gòkè díẹ̀díẹ̀, a sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ara lè tu afẹ́fẹ́ náítírójìn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ jáde.

Ìmòòkùn kejì kò yàtọ̀ púpọ̀, ó kàn rọrùn sí i.

Ohun tí kò dára nínú ọjọ́ náà ṣẹlẹ̀ láàárín ìmòòkùn méjèèjì. Àwọn dọ́fínì jáde, kíá ni ọkọ̀ tó wà ní agbègbè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn, tiwa pẹ̀lú. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ wọn níwájú, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ wọn lẹ́yìn, àwọn ènìyàn ń fò sínú omi lù wọ́n lórí, bí àwọn ẹranko náà bá sì ti rì síbì kan, ẹ́ńjìnnì á bú síbòmíràn. Ohun tó tì mí lójú níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó fi sùúrù bẹ́ẹ̀ tọ́jú etí ìyàwó mi ni awakọ̀ rẹ̀ tún ń ṣe bí ọdẹ. Mo bi olùkọ́ wa, ó ní bí àwọn kò bá lé wọn, oníbàárà á kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun kò rí dọ́fínì. Nítorí náà mo ń kọ ọ́ síbí pé èmi, oníbàárà, kò fẹ́ kí wọ́n lé wọn mọ́.

Àwòrán abẹ́ omi náà ní owó tirẹ̀, wọ́n sì ń tà á bí ẹni pé ẹni tí kò rà á kò lọ. N kò rà á. Aṣọ rọ́bà tí wọ́n fún mi ti ya ní orúnkún, ṣùgbọ́n nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi ti oṣù Kejì, kò ṣe mí ní nǹkan. Oúnjẹ orí ọkọ̀ jẹ́ ẹja yíyan, ìrẹsì pilau, ṣàpátì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti máńgòrò tó dùn gan-an. Ata rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá lè gbé ata gígún díẹ̀ dání láti ilé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Fún àwọn Mùsùlùmí, ìrìn-àjò yìí kò ní ìnira: Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Zanzibar, oúnjẹ wọn jẹ́ hàláàlì, aṣọ rọ́bà sì bo ara láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí obìnrin sì lè wọ fìlà rọ́bà tó bo irun sí i. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má wọ aṣọ ìwẹ̀ nìkan rìn wọ àárín abúlé.

Ọ̀rọ̀ irun náà kì í ṣe kékeré. Gíláàsì ojú gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara níbi gbogbo, irun kan ṣoṣo tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ ti ṣí ọ̀nà fún omi. Irun dídì tó tẹ́ mọ́ orí ló dára jù. Ẹni tó di irun gígùn, tó fi irun àtọwọ́dá kún un, yóò rí i pé okùn gíláàsì ń yọ̀, àti pé irun náà kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Wíìgì, ẹ fi í sílé ìtura. Ọkùnrin tó ní irunmú tó nípọn lókè ètè yóò rí omi díẹ̀díẹ̀ tó ń wọlé, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i ju kó máa fẹ́ ẹ jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tó lè ba gbogbo ètò ará Ìbàdàn jẹ́ ju irun lọ ni ọyẹ́. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì tí òkun Zanzibar ń gbóná ni eruku ń dí wa nímú nílé, ẹni tó bá sì gbé ọ̀fìnkìn láti Ìbàdàn wọ bàálù kò ní lè mú etí rẹ̀ là lábẹ́ omi. Oògùn tó ń ṣí imú lè tán lára ní ìsàlẹ̀, kí etí sì dí nígbà tí a bá ń gòkè, ìyẹn sì burú ju kí ó dí nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ fi ìmòòkùn sí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin tí ẹ bá débẹ̀, kí imú lè rí àyè gbẹ nínú afẹ́fẹ́ òkun, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀. Àjọ DAN, tó ń rí sí ààbò àwọn òmòòkùn, ní kí ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán kó tó wọ bàálù, kí ẹni tó mòòkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ sì dúró fún wákàtí 18. Níwọ̀n bí ìrìn-àjò yìí ti jẹ́ ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀mejì, 18 ló kàn yín. Láti Èkó, Addis Ababa tàbí Nairobi ni a sábà máa ń gbà, ó sì ṣeé ṣe kí bàálù ìpadàbọ̀ gbéra ní òwúrọ̀ kùtù, nítorí náà ẹ ka wákàtí náà dáadáa kí ẹ tó yan ọjọ́. Ní ti ọ̀nà Èkó fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin láti Mọníyà ni a wọ̀, a sì sọ̀ ní Agége. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ fi ọ̀nà márosẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìsinmi.

Kí ẹ tó san owó, ẹ bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ bi wọ́n pé olùbẹ̀rẹ̀ mélòó ni olùkọ́ kan ń mú lọ. Mẹ́rin pẹ̀lú igbákejì ni tiwa, ó sì ṣeé fara mọ́, àmọ́ bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń mú méjì, ẹ san owó lé e. Ẹ béèrè bóyá owó ìdáàbòbò òkun wà nínú iye tí wọ́n pè, kí ẹ sì sọ fún wọn tààrà pé ẹ kò fẹ́ lé dọ́fínì. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní bàtà onílẹbẹ tó tóbi, nítorí ẹsẹ̀ tèmi kò wọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Ní ìparí, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí owó oníbàárà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le tí ọkọ̀ kò lè jáde, bí wọ́n bá sì ní àwọn kì í dá owó padà, tí wọn kò sì ní sún ọjọ́ síwájú, ẹ má san ohunkóhun títí ẹ fi máa rí òkun lójú ara yín.